Iyèkan àti Ọbàkan Inú Sẹ́ẹ̀lì: Àfiwé Ìdílé GTPase àti Ọ̀ràn Onígbáméjì

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ yóò kọjá ní Fìdítì kí ó tó dé Ìlọrà. Ìlú méjèèjì wà ní ilẹ̀ Afijió, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Bí olùkọ́ kan bá mú ìwé àti kálàmù, tí ó kọ oríkì orílẹ̀ àwọn Oníkòyí sílẹ̀ láti ẹnu àgbà obìnrin kan ní Fìdítì, tí ó sì tún kọ oríkì kan náà láti ẹnu àgbà mìíràn ní Ìlọrà, yóò rí i pé ohun tí ó wà lórí ìwé méjèèjì kò rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Orúkọ baba ńlá kan lè wà nínú ti ibí kí ó má sí nínú ti ọ̀hún. Gbólóhùn kan lè gùn ní ìlú kan kí ó kúrú ní èkejì. Síbẹ̀ àwọn ibì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ yí padà: orúkọ orílẹ̀ náà fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ogun tí a fi mọ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Bí a bá yọ ìwọ̀nyí kúrò, oríkì náà kì í ṣe ti Oníkòyí mọ́.

Ohun méjì ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí í fà yọ láti inú irú àfiwé bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé orísun kan ni oríkì méjèèjì ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń kì í ti tú káàkiri láti ìgbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ti fọ́ ní ìwọ̀n ọdún 1830 sí 1840. Èkejì ṣe pàtàkì ju ti ìṣáájú lọ: ibi tí kò yí padà ni ibi tí ẹrù wà. Ẹnu ènìyàn a máa yí ohun tí kò ní ìpalára padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé orílẹ̀ ró, a kì í fi ọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ àfiwé yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ohun alààyè ń ṣe lórí àwọn èròjà ara tí à ń pè ní pùrótéènì. Pùrótéènì kọ̀ọ̀kan dàbí okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn kan. Amínò ásíìdì ni ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀, oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ náà sì jẹ́ 20. Àwọn onímọ̀ ti fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan tirẹ̀: G ni ti glycine, K ni ti lysine, D ni ti aspartate, R ni ti arginine, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ìyókù. Nítorí náà a lè kọ pùrótéènì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ti í gbé <i>ilé</i> ti Ọ̀yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ <i>ulé</i> ti Èkìtì, tàbí <i>ọmọ</i> ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ <i>ọma</i> ti Ìgalà. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Margaret Dayhoff, ni ó ṣe olórí àwọn tí ó kọ́kọ́ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1965. Pùrótéènì 65 péré ni ó wà nínú ìwé náà. Lónìí, iye tí a ti kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà lé ní mílíọ̀nù 200.

Ìdílé kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GTPase. Ẹni tí ń ta ọsàn ní ọjà èso Fìdítì lè má gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé náà wà nínú ara rẹ̀. Ó wà nínú ọsàn tí ó pàtẹ, ó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọsàn, ó wà nínú eṣinṣin tí ó bà lé e, ó sì wà nínú kòkòrò àìfojúrí tí eṣinṣin náà fi ẹsẹ̀ gbé wá. Kò sí ohun alààyè kan tí ó ní sẹ́ẹ̀lì tí kò ní wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Olúkúlùkù wọn dàbí ilẹ̀kùn tí ó mọ bí a ti ń ti ara ẹni. Èròjà kékeré kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní GTP, tí ó ní ìrù mẹ́ta. Fọ́sífétì ni orúkọ ìrù wọ̀nyí. Bí GTP bá wọ inú pùrótéènì náà, ilẹ̀kùn ṣí, iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, pùrótéènì náà a gé ìrù kẹta dànù. GTP a di GDP, ilẹ̀kùn a sì padé títí GTP mìíràn yóò fi dé. Bí ilẹ̀kùn bá ti pẹ́ tó ní ṣíṣí ni iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ tó. Púpọ̀ nínú ewu tí àlàyé yìí yóò kàn ni ó ti inú ohun kan ṣoṣo wá, èyíinì ni ilẹ̀kùn tí ó ṣí tí kò lè padé mọ́.

Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ìdílé yìí tó fún àfiwé. Ras, tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 189, ni ó ń gbé ìròyìn lọ pé kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. ARF1, ìlẹ̀kẹ̀ 181, wà lára àwọn tí ń ṣètò ẹrù kíkó láti ibì kan dé ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì. Gs, ìlẹ̀kẹ̀ 394, ni ìránṣẹ́ ẹnu ọ̀nà: bí ìròyìn bá dé láti òde ara sẹ́ẹ̀lì, òun ni ó ń jí ẹni tí ń ṣe èròjà cAMP dìde. EF-Tu tí a ó lò níhìn-ín kì í ṣe ti ènìyàn. Inú kòkòrò àìfojúrí bí E. coli ni ó wà, ó sì ń kó ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí ibi tí a ti ń sín pùrótéènì tuntun. Ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ 394, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí iye yìí rò pé òun àti Gs ni ó súnmọ́ ara wọn jù yóò ṣìnà. Gígùn kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan.

Ẹ̀rí ìbátan nìyí, láti ibi kìn-ín-ní tí gbogbo wọn fi jọra:

Ras: GAGGVGKS
Gs: GAGESGKS
ARF1: GLDAAGKT
EF-Tu: GHVDHGKT

Ẹni tí ó bá fi ìka tọ lẹ́tà wọ̀nyí láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé G ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Lẹ́tà kẹfà tún jẹ́ G nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkeje jẹ́ K, ìkẹjọ sì jẹ́ S tàbí T, àwọn méjì tí ìrísí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ó wà láàárín kò dá wọn dúró. Ó yí padà bí ó ti wù ú. Ní 1982 ni John Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge tọ́ka sí ibi yìí. Òun ni ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọwọ́ tí ó di nǹkan mú: ó yí àwọn ìrù GTP ká, K sì gbá wọn mú ṣinṣin.

Ibi kejì kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. DTAGQ ni ti Ras, DVGGQ ni ti Gs àti ti ARF1, DCPGH ni ti EF-Tu. Níhìn-ín, D àti G kò yí padà. Ibi yìí ni ó ń mọ̀ bóyá ìrù kẹta ṣì wà tàbí ó ti já, lẹ́tà tí ó sì tẹ̀ lé G, yálà Q tàbí H, wà lára ohun èlò tí a fi ń gé e. Ibi kẹta ni NKCD nínú Ras àti EF-Tu, NKQD nínú Gs àti ARF1. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ojú GTP yàtọ̀ sí ti ATP, nítorí àwọn méjèèjì jọra, ATP sì pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju GTP lọ.

Kò sí ẹ̀rọ tí olùkọ́ nílò fún iṣẹ́ yìí. Bí a bá kọ ìlà mẹ́rin òkè yìí sí ara pátákó ní kíláàsì kan ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà, tí a ní kí àwọn ọmọ fa ìlà sí abẹ́ lẹ́tà tí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà, wọn yóò rí ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n rí.

Ní agbo ilé Yorùbá, iyèkan ni àwọn tí ìyá kan bí, ọbàkan sì ni àwọn tí baba wọn jẹ́ ọ̀kan tí ìyá wọn yàtọ̀. Ìyàtọ̀ yìí wúlò níhìn-ín. Gs ní àwọn kan tí ó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, tí ilé wọn àti tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Gi, tí a ó kàn níwájú, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iyèkan ni Gs àti Gi. Ṣùgbọ́n Ras àti EF-Tu, ọbàkan ni wọ́n: ó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti pínyà, ohun tí ó sì kù láàárín wọn kò ju ibi mélòó kan bí ìwọ̀nyí lọ. Àwọn ìwé kan fẹ́ràn láti sọ pé pùrótéènì méjì jọra dé ìwọ̀n báyìí nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ó ń fi ohun tí ó ṣe kókó pamọ́. Kì í ṣe iye lẹ́tà tí ó jọra ni ìbéèrè. Ibi tí wọ́n ti jọra ni.

Ìṣọ́ra ṣe pàtàkì nínú ọ̀ràn yìí. Ní ibi kìn-ín-ní, lẹ́tà kẹta Ras jẹ́ G, òun sì ni ìlẹ̀kẹ̀ 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ Ras. Ní 1982, àwọn onímọ̀ tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ rí i pé G yìí ti di V. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo yí padà láàárín 189, ilẹ̀kùn Ras sì kọ̀ láti padé. Sẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé kí ó máa pín. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àrùn jẹjẹrẹ ènìyàn ni ó ní Ras tí ó bàjẹ́ nínú. Ǹjẹ́ kí òǹkàwé padà wo ìlà EF-Tu lókè. Lẹ́tà kẹta rẹ̀ jẹ́ V láti ilẹ̀ wá, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ti ARF1 jẹ́ D. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nínú èdè náà nìyẹn. Ní ẹnu ará Ìbàdàn tí kò ya <i>s</i> sọ́tọ̀ kúrò lára <i>ṣ</i>, ẹni tí ó gbọ́ ọ nílé kò ní ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, <i>ṣá</i> jẹ́ iṣẹ́ àdá, <i>sá</i> sì jẹ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́tà kan kì í dára tàbí burú fúnra rẹ̀. Ilé tí ó wà ni a ó fi dá a lẹ́jọ́.

Nǹkan bí 40 ọdún ni àwọn onímọ̀ fi wá oògùn tí yóò mú Ras tí ó bàjẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ìṣòro wọn kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn: ihò tí GTP ń wọ̀ nínú Ras jọ ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn tí ó bá dí i lè dí ti gbogbo ìdílé. Oògùn àkọ́kọ́ tí a fi àṣẹ sí ní Amẹ́ríkà ní 2021, sotorasib, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń lẹ̀ mọ́ Ras kìkì bí ìlẹ̀kẹ̀ 12 rẹ̀ bá ti di cysteine, lẹ́tà C, èyí tí kò sí níbẹ̀ nínú Ras tí ara rẹ̀ le.

Títí dé ìhín, lẹ́tà nìkan ni a fi wéra. Ẹni tí ó bá ka àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ibi tí ó jọra yóò tún rí nǹkan mìíràn. Nínú Ras, ibi kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ 10, ibi kejì ní 57. Ìrìn 47 ni. Nínú ARF1, láti 24 dé 67, ìrìn 43 ni. Nínú EF-Tu, láti 18 dé 80, ó jẹ́ 62. Ṣùgbọ́n nínú Gs, láti 47 títí dé 223 ni: ìrìn 176! Kí ni ó wà nínú àlàfo ńlá yìí? Lẹ́tà nìkan kò lè sọ. Nígbà tí a fi ìtànṣán X ya àwòrán EF-Tu ní 1985, ti Ras ní 1988 àti 1989, àti ti ìbátan Gs kan tí ó wà nínú ojú ní 1993, ọ̀rọ̀ náà yanjú. Yàrá kan náà ni baba ńlá gbogbo wọn kọ́. Ras ń gbé inú yàrá náà bẹ́ẹ̀, ARF1 pẹ̀lú. EF-Tu kọ́ yàrá méjì mìíràn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gs àti àwọn iyèkan rẹ̀ ni wọ́n da ògiri lù láàárín, tí wọ́n sì ki yàrá tuntun kan bọ inú ilé, ó sì bo GTP mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ti ń bo ìkòkò.

Ní ẹnu ọ̀nà tí ó jáde láti inú yàrá tuntun yìí ni ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Arginine ni, lẹ́tà R, ìlẹ̀kẹ̀ 201 nínú Gs. Ó na ọwọ́ sí ìrù kẹta GTP, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti já. Ras kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi Ras nìkan sílẹ̀, ó lọ́ra púpọ̀ láti ti ara rẹ̀. Ó di ìgbà tí pùrótéènì mìíràn tí à ń pè ní GAP bá wá fi arginine tirẹ̀ bọ inú ihò náà kí iṣẹ́ tó yá. Àwòrán tí ó fi èyí hàn gbangba jáde ní 1997. Ohun tí Ras ń tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, Gs ti fi kọ́ ilé. Àǹfààní ni èyí, kò sì sí àníàní nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan bá fi pamọ́ sínú ilé ni olè í wá síbẹ̀ fún.

Olè náà ni onígbáméjì. Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ àrùn yìí ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ tán: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ náà a máa funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ara alárùn a sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ yóò wọnú láàárín wákàtí díẹ̀. Àjàkálẹ̀ rẹ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1961 wọ Guinea ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, kí ọdún náà sì tó parí ó ti dé Nàìjíríà. Láti ìgbà náà kò tíì fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní 2021 nìkan, iye àwọn tí a fura sí pé ó mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tí ó kú sì lé ní 3,000. Ìgbà òjò ni ó burú jù, nígbà tí àgbàrá bá gbé ẹ̀gbin wọ kànga àti odò tí a ti ń pọnmi.

Robert Koch ará Jámánì fi kòkòrò àrùn náà hàn ní 1884, ó sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé oró ni yóò máa fi pa ènìyàn. Ọdún 75 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Oníṣègùn ará Íńdíà kan, Sambhu Nath De, ni ó ṣe é ní Calcutta ní 1959. Ó da omi tí kòkòrò náà ti gbé inú rẹ̀ sínú ìfun ehoro, lẹ́yìn tí ó ti yọ kòkòrò fúnra rẹ̀ kúrò, ìfun náà sì kún fún omi. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà mọ orúkọ ọkùnrin yìí ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé ohun èlò tí kò pọ̀ ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà.

Oró náà ní ìpín mẹ́fà. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọwọ́ tí ó fi ń di ara sẹ́ẹ̀lì ìfun mú. Ẹ̀kẹfà ni apànìyàn tí ó ń wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wọlé tán, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, àfi bí ó bá rí olùrànlọ́wọ́ nínú ilé. Ta ni olùrànlọ́wọ́ náà? ARF ni, ìbátan Gs gan-an. Bí ilẹ̀kùn ARF bá ṣí, tí GTP wà nínú rẹ̀, oró náà a so mọ́ ọn, ìrísí oró a yí padà, ojú rẹ̀ a sì là. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Láti inú ìwádìí onígbáméjì yìí ni a ti kọ́kọ́ mọ ARF, nǹkan bí 1984, láti inú rẹ̀ náà sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Orúkọ náà kò bá a mu rárá: ó dàbí ìgbà tí a sọ baálé ilé kan ní orúkọ olè tí ó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ẹrù kíkó ni ARF ń ṣe ní tirẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa àrùn.

Nígbà tí ojú oró bá ti là, Gs ni ó ń wá lọ. Ó mú èròjà kan, ADP-ribose, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ R 201, ọwọ́ tí Gs fi ń gé ìrù GTP. Ọwọ́ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀kùn Gs ṣí sílẹ̀, cAMP ń pọ̀ sí i láìdúró, àwọn ojú ihò ara sẹ́ẹ̀lì là, èròjà iyọ̀ tí à ń pè ní kùlóráìdì sì ń tú jáde sínú ìfun. Ibi tí iyọ̀ bá lọ ni omi ń tẹ̀ lé e lọ. Bí àrùn náà bá le, lítà kan ni omi tí ó lè jáde lára àgbàlagbà láàárín wákàtí kan.

Àfiwé ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí oró yìí kò fi sọ Ras di ilẹ̀kùn àìlètì. Ras kò ní R ní ibẹ̀. Ohun tí oró ń wá kò sí nílé rẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé ibẹ̀ gan-an ni kókó. A ti rí àwọn ènìyàn tí R 201 yìí yí padà lára Gs wọn láìsí kòkòrò kankan. Ní 1989 ni a rí i nínú èso kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí ń mú ènìyàn ga tàbí tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ní 1991 a sì rí i nínú àìsàn kan tí ń ba egungun àti àwọ̀ ara àwọn ọmọdé jẹ́. Ibi tí oró ń ṣe lọ́ṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ náà ni àyípadà yìí ń bàjẹ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn.

Ikọ́ líle àwọn ọmọdé, èyí tí ń mú wọn hó bí èémí ti ń tán, ń fi ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Oró tirẹ̀ náà ń lẹ ADP-ribose mọ́ pùrótéènì, ṣùgbọ́n Gi ni ó ń bá jà, kì í ṣe Gs. Iṣẹ́ Gi ni láti dá ẹni tí ń ṣe cAMP lẹ́kun. Gs ń ṣí, Gi ń dá dúró. Kí ló dé tí oró náà fi mọ iyèkan kan yàtọ̀ sí èkejì? Lẹ́tà márùn-ún tí ó parí Gi ni DCGLF, èyí tí ó parí Gs ni QYELL. Láti ẹ̀yìn wá, lẹ́tà kẹrin Gi jẹ́ C. Ti Gs jẹ́ Y. C yẹn ni oró ikọ́ ń lẹ nǹkan mọ́, Gi kò sì lè gbọ́ ìròyìn láti òde mọ́. Ibi tí onígbáméjì ń lù jẹ́ ohun tí àwọn iyèkan jọ ní, ibi tí ikọ́ líle ń lù sì jẹ́ ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Dìfitéríà, àrùn ọ̀fun tí ó tún gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2023, ń ṣe bákan náà sí ìbátan EF-Tu kan tí ó wà lára ènìyàn, EF-2, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 858. Níbẹ̀, iṣẹ́ sísín pùrótéènì ni ó ń dúró pátápátá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ń dènà ikọ́ líle àti dìfitéríà pọ̀.

Fún onígbáméjì, kò tíì sí oògùn tí ń lọ bá Gs láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là wá láti ibòmíràn. Ní 1960 ni Robert Crane ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn kan wà lójú ìfun tí ó ń gba ṣúgà wọlé pọ̀ mọ́ iyọ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ọmọ ìdílé GTPase, Gs kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ tí oró fi lè bà á jẹ́. Bí alárùn bá mu omi lásán, ó ń jáde. Bí ó bá mu omi iyọ̀ nìkan, ó ń jáde. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà àti iyọ̀ bá jọ wà nínú omi náà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, wọ́n a wọlé, omi a sì tẹ̀ lé wọn, bí Gs tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dilip Mahalanabis fi ọ̀nà yìí tọ́jú àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Bangaon nígbà tí omi tí à ń fà sí iṣan tán. Nínú ọgọ́rùn-ún alárùn, nǹkan bí 30 ni ó ń kú tẹ́lẹ̀. Ó wálẹ̀ sí bí 4.

Lítà kan omi mímọ́, síbí ìmutíì 6 ṣúgà tí a gé lórí, àti ààbọ̀ síbí kan náà fún iyọ̀: èyí ni a lè pò nílé bí kò bá sí èyí tí a ti dì sínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn. Kí iyọ̀ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ púpọ̀ tún ń fa omi jáde lára. Ẹni tí ó bá ti rẹ̀ tí kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ fún omi ojú iṣan. Àwọn ìyókù a máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró, iye tí ó bá jáde ni kí ó máa wọlé. Kì í gba ọjọ́ púpọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun kì í dàgbà; láàárín ọjọ́ 3 sí 5 wọ́n ti re dànù, àwọn tuntun ti rọ́pò wọn. Gs tí oró ti bàjẹ́ a bá wọn lọ, èyí tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tuntun sì mọ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn.